Orí Maṣíìnì Inú Àpò

Òórùn epo maṣíìnì ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Òkèrèwè, ó máa ń dà pọ̀ mọ́ ti èédú áyọ́ọ̀nù àti ti aṣọ tuntun tí omi kò tíì kàn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ níbẹ̀. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni àwa ọmọọṣẹ́ fi ń kọ́ bí ojú ìrán ṣe ń tọ́. Wífìn la fi ń di etí aṣọ kó má baà tú. Ọ̀kan wà tó ń lu ihò bọ́tìnì. Ìńdọ́síríà, tó ń fi iná ṣiṣẹ́, tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ọ̀gá nìkan ló ń jókòó sídìí ìyẹn. Opó ni ọ̀gá mi, ìdí ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n sì ti rán ọmọ mẹ́ta lọ sí iléèwé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, a dé, a bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀. Olè ti tú orí ìńdọ́síríà kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ó ti gbé e lọ. Ọ̀gá mi kò sunkún. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ pa ojú ihò tó ṣófo lórí tábìlì náà, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Bí mo ṣe rí wọn bẹ́ẹ̀, inú bí mi. Ìwọ náà á mọ irú ìbínú tó máa ń ṣe ènìyàn bí ebi, tó ń wá ohun tó máa jẹ kiri.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí ariwo sọ lójú títì: "Olè! Wọ́n ti mú un o!" Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí ló jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, ó gbé àpò ìrẹsì lé itan, irin sì yọ jáde níbi tí àpò náà ti ya. Wọ́n ti wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀. Mo fa pákó tí a fi ń wọn aṣọ yọ, mo sáré. Mi ò ní fi bò fún ọ: èmi ni mo kọ́kọ́ nà án. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọwọ́, mo ti fi pákó náà gbá a lójú. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún, mo sì tún gbé e sókè.

Ọkùnrin náà ń kígbe pé, "Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ni mo gbà! Mo tún un ṣe ni, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ní Mayfair ni mo ń gbé e lọ!"

Ta ló máa gbọ́? Òkúta ń bà á, bẹ́líìtì ń bà á, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Eyín rẹ̀ kan bọ́ sórí ọ̀dà títì. Ẹ̀wù funfun tó wọ̀ ti pupa láti ọrùn dé ìdodo. Ẹnì kan ti yí táyà dé, ẹlòmíràn ń béèrè pẹtiróòlù. Ìgbà yẹn ni wọ́n tú àpò náà dà, orí maṣíìnì náà sì yí dé iwájú ẹsẹ̀ mi. Ó kúrú, ó sanra, ó ní ibi tí òwú mẹ́rin ń gbà wọlé àti ọ̀bẹ kékeré tó ń gé etí aṣọ. Wífìn ni. Ẹni tó bá ti lo oṣù kan péré nídìí iṣẹ́ yìí kò lè ṣì í pè ní ìńdọ́síríà.

Mo dákẹ́. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n mo dákẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára pákó ọwọ́ mi. Bí kì í bá ṣe òun ni olè, kí wá ni èmi?

Ọ̀gá mi ya èrò kọjá, omijé ti bo ojú wọn. "Ṣé tiwa nìyí?"

"Rárá, mà. Wífìn ni."

"Pariwo rẹ̀!"

Mo figbe ta pé kì í ṣe tiwa. Ọkùnrin kan dáhùn pé, "Kí ló kàn wá? Maṣíìnì ṣáà ni!" ó sì gbé búlọ́ọ̀kù sókè. Ọ̀gá mi, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ṣubú bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Apá wọn ni búlọ́ọ̀kù náà bà. Mo gbọ́ bí ìyẹn náà ṣe ṣẹ́.

"Ẹ pa mí mọ́ ọn," wọ́n ń kígbe láti ilẹ̀. "Èmi tí wọ́n jí ẹrù mi, mo ní òun kọ́!"

Àwọn èrò ju òkúta ọwọ́ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa la sì wá tàkísí tó gbé àwọn méjèèjì dé ọsibítù.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé oúnjẹ lọ sí ọsibítù. Ìyàwó ọkùnrin náà kúnlẹ̀ fún mi: "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ gba ọkọ mi lọ́wọ́ ikú." Wọ́n ti sọ fún un pé èmi ni mo pariwo. Mo fẹ́ gba ọpẹ́ náà, Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n mo rí báńdéèjì ojú òsì ọkọ rẹ̀, orúnkún èmi náà sì kanlẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ nà wọ́n. Ojú yẹn, ọwọ́ mi ni."

Obìnrin náà dìde. Ó gbé abọ́ oúnjẹ padà lé mi lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ láàárín ètè tó wú: "Mo mọ̀. Mo rí ọ."

Ojú náà kò ríran mọ́. Apá ọ̀gá mi jinná, àmọ́ kò ṣeé nà tán. A kò rí ìńdọ́síríà náà títí dòní. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí, ọkùnrin náà sì ṣì ń tún maṣíìnì ṣe ní àdúgbò. Bó bá ń kọjá, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, ó máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò wọlé rí.

Àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí máa ń ní mo gba ẹ̀mí là. Má bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ tó lè gbà á wà lórí mi látàárọ̀, kí n tó gbé pákó rárá. Mi ò kàn ní kó ṣí àpò ni.