Eku Tí Kò Jẹ́ Kí Káàdì Fìdáù Jáde

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ eku kan ní Èrúwà. Kì í ṣe eku inú àká o! Eku kọ̀ǹpútà ni.

Abọ́ tánganran àti ìkòkò ni mo ń tà nígbà náà. Sìlífá ọmọ mi ló gbé kọ̀ǹpútà sí apá kan ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń bá àwọn èèyàn tẹ káàdì ìsọmọlórúkọ àti ti ìgbéyàwó. Èmi tí mo sá kúrò ní kíláàsì tírì! Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa fi àkísà nu eruku orí rẹ̀.

Oyún Sìlífá ti pé. Láàárọ̀ Tọ́sìdeè kan, ìrọbí mú un, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò tíì pẹ́ tó lọ ni Bàbá Múfú, oníbàárà rẹ̀ kan, yọ. Ìyá rẹ̀ ló kú. Ọjọ́ kẹjọ òkú bọ́ sí Sátidé, ṣùgbọ́n Àlùfáà ní ìrìn àjò, wọ́n bá ní kí fìdáù ṣíwájú, kó di Jímọ̀, ìyẹn ọjọ́ kejì Tọ́sìdeè yẹn. Àwọn ẹbí tó wà n'Íbàdàn kò sì mọ̀, Sátidé ni wọ́n ṣì ń retí! Káàdì tí yóò sọ fún wọn, Sìlífá ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó ku kó jáde sórí bébà. Ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ kò ní dúró kọjá ìrun ọ̀sán.

"Ìyá Sìlífá, ẹ bá mi yọ ọ́."

Kí n yọ ọ́ báwo? Ṣé ẹran inú ọbẹ̀ ni?

Mo sáré lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì dínà mọ́ mi, ó ní ṣé ẹni tó ń rọbí ni mo fẹ́ bi ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? Mo ní àbí kí n bi ìwọ? Sìlífá gbóhùn mi, ó pariwo láti inú yàrá: "Màámi! Ẹ tẹ igun ìsàlẹ̀, ẹ fi eku tẹ̀ lé ohun tó bá yọ... yéè!... ẹ ṣí fèrèsé káàdì... yéè!"

Mo sáré padà. Kí lẹ rò pé mo kọ́kọ́ ṣe? Mo ṣí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù gbayawu! Ọyẹ́ rọ́ wọlé, eruku bo kọ̀ǹpútà, Bàbá Múfú bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

"Ìyá Sìlífá, fèrèsé inú rẹ̀ ló ń wí o."

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wá ṣí i!"

Kò mọ̀ ọ́n.

Mo di eku mú bí ẹni di àkekèé mú. Mo tẹ igun ìsàlẹ̀, orúkọ iṣẹ́ rẹpẹtẹ yọ. Mo fi eku kan ọ̀kan, òmíràn tún là sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí n máa gba ọ̀nà tóóró ibẹ̀ lọ sí èyí tó là náà ni, ọwọ́ mi á yẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á padé! Bí ẹni ń lé aláǹgbá lára ògiri. Eku dé etí tábìlì, ọfà ojú dígí kò tíì dé ibi tí mò ń lọ. Mo bá gbé eku sókè, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí náà.

"Ẹ rọra o, ẹ má pa á!" ni Bàbá Múfú ké.

Mo bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ìgbà yẹn ni wọ́n kírun ọ̀sán tán. Bàbá Múfú dìde, ó sáré lọ sí gáràájì, ó ní òun á fẹnu rán dírẹ́bà. Ọkọ̀ ti lọ. Ó padà wá jókòó lórí ìkòkò tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ká ní ó bú mi, ì bá dára.

Sìlífá bí ọkùnrin nírọ̀lẹ́, alhamdulilahi. Wọ́n ṣe fìdáù ní Jímọ̀.

Àfi bí ọkọ̀ Ìbàdàn ṣe dé ní Sátidé! Àbúrò olóògbé, ìyá arúgbó tó ń fọ̀pá rìn, dúró ní àgbàlá tí wọ́n ti ká ẹní kúrò. Ó ní, "Ẹ ò wá dúró kí n ṣàmín sí àdúrà ẹ̀gbọ́n mi?" Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, àga ni mo sáré lọ gbé wá fún un.

Nígbà tí ara Sìlífá le, ó kó àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ojú kọ̀ǹpútà gan-an, ràgàjì ràgàjì, kò sí pé à ń rìn kọ́rọ̀ kọ́rọ̀ mọ́. Ó sì tún ìrìn eku ṣe kó lè bá ọwọ́ mi mu. Mo ní ṣé ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí? Ó ní, "Màámi, ó mọ́ mi lọ́wọ́ ni, n ò rántí ọwọ́ tiyín."

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyẹn o! Ẹni tó bá ń to nǹkan, kó rántí ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó nígbà tí òun ò sí nílé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀rọ wo ló ti dójú tì yín rí, níwájú ẹni tó gbójú lé yín? Ẹ sọ ọ́ síbí, ẹ má fi bò. Ẹni tó bá fi mí rẹ́rìn-ín tí kò sọ tirẹ̀, mò ń bọ̀ wá bá a!