Obìnrin Ara Ògiri

Bàbá Ọ̀dà ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kò sọ́jọ́ tí ọ̀dà kì í wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá, ọ̀dà wà létí ọkọ ìyàwó. Akunlé ni, ilé ìwòsàn ló ń bá ṣiṣẹ́, ògiri funfun ló sì ń kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin.

Àwòrán kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Ayàwòrán kan tó ti dolóògbé ló yà á: obìnrin kan jókòó lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wa. Àwọn aláwàdà ní ojú èèyàn ni ayàwòrán yẹn ò mọ̀ ọ́n yà. Ìyàwó Bàbá Ọ̀dà ò gbà. Nígbà tí àìsàn gbé e dé orí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń wo àwòrán náà.

“Bàbá wọn, obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán ni. Ẹ wo èjìká ẹ̀.”

Bàbá Ọ̀dà wò ó, òótọ́ ni. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun ọ̀sán. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá ti dá, á wo èjìká yẹn títí omijé á fi bọ́, ọkàn rẹ̀ á sì fúyẹ́ díẹ̀. Kò ríbi sunkún nílé. Àwọn ọmọ ń wojú rẹ̀.

Ni ọ̀gá tuntun bá dé sílé ìwòsàn.

“Bàbá, ẹ kun ibẹ̀ yẹn náà. Àwòrán yẹn ń ba àwọn aláìsàn nínú jẹ́.”

Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ọ̀gá ò gbà. Tóun bá kọ̀, àjèjì ni wọ́n máa pè wá fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó lẹrù ló ń gbé e níbi tó ti wúwo.

“Màá kùn ún fúnra mi.”

Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ló mú. Ọ̀dà àkọ́kọ́ kì í bo nǹkan tán. Nígbà tó gbẹ, obìnrin náà ṣì ń yọjú fírífírí. Inú Bàbá Ọ̀dà dùn bíi tọmọdé, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ọ̀gá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, ọ̀gá wo ògiri.

“Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i, bàbá.”

Ó kùn ún.

Ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nígbà tí ìyá arúgbó kan tó wá gba oògùn dúró síwájú ògiri náà.

“Ọmọ mi, obìnrin tó máa ń jókòó síbí ńkọ́?”

“Ó ti kú, ìyá.”

Látọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì, ó bú sẹ́kún lójú gbogbo èrò.