Ẹyẹ Tó Ń Súfèé Lẹ́yìnkùlé Wa

Lọ́dún tí wọ́n ti ẹnubodè pa, ẹyẹ pọ̀ ju èèyàn lọ nínú ilé wa ní ìparí Ìlaró, kò sì sí ọ̀kan tó pé nínú wọn. Ayékòótọ́ kéékèèké ni wọ́n, aláwọ̀ ewé, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ẹyẹ máa ń gbé gba Ìdí-Ìrókò kọjá. Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ bá kán lọ́nà, tàbí tí ojú rẹ̀ bá fọ́, wọ́n á jù ú sígbó. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń ṣà wọ́n jọ sínú àgò ńlá kan lẹ́yìnkùlé. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó tún ti rí kíláàsì mìíràn kọ́.

Alágídí inú wọn ni akọ kan tí kò ní ju ẹsẹ̀ kan lọ. Ohunkóhun tó bá gbọ́ ló ń sín jẹ. Ó ń sín ikọ́ Bàbá jẹ, ó ń sín ilẹ̀kùn wa tó máa ń han jẹ. Nígbà tí àwọn onífàyàwọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kadà gbé ìrẹsì gba ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn ilé wa, ó kọ́ súfèé tí wọ́n fi ń pe ara wọn: kúkúrú méjì, gígùn kan. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀: kò séwu, ẹ máa bọ̀.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹyẹ. Mo ní kí Bàbá gbé e wọlé. Bàbá ní ooru yàrá á pa á, àti pé ta ni yóò wá mú ẹyẹ?

Ẹyẹ kọ́ ni wọ́n wá mú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè já wọ ẹ̀yìnkùlé wa pẹ̀lú ìbọn. Inú igbó ni wọ́n lúgọ sí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbọ́ súfèé náà láti ilé wa. Bàbá nìkan ni ọkùnrin tí wọ́n bá níbẹ̀, ó ń bu ọkà bàbà fún àwọn ẹyẹ.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́nà fún wọn?” ni ọ̀gá wọn wí.

“Ẹyẹ ni, ọmọ mi.”

“Kó súfèé ká gbọ́.”

Ẹyẹ wo ni yóò fọhùn níwájú bàtà àti ìbọn? Gbogbo wọn sé ẹnu, wọ́n rọ́ jọ sí igun kan. Bàbá bá ṣe ohun tí tíṣà máa ń ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé iṣẹ́, ó rán an létí. Ó ká ẹnu jọ, ó rọra súfèé sí i: kúkúrú méjì, gígùn kan. Ó gún régé. Mo rí bí ojú ọ̀gá náà ṣe yí padà.

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá.”

Wọ́n mú un lọ síwájú ilé, níbi tí ọkọ̀ wọn wà. Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, mi ò mọ ẹni tí mo lè bẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé bí ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kan yìí bá ti gbọ́ ìró omi, ẹnu rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Mo gbé korobá, mo ń da omi sínú bàsíà, mo ń dà á padà, mo ń bẹ Ọlọ́run, mo sì ń bẹ ẹyẹ. Ó na ọrùn. Ó súfèé, ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, kíkankíkan.

Ọ̀gá wọn padà wá, ó dúró wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fi Bàbá sílẹ̀, ó tún bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo di ọwọ́ Bàbá mú bí ọmọdé.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀kadà fi dún nínú igbó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan já sí gbangba, àpò ìrẹsì lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ pé kò séwu. Wọ́n ti mú un kó tó lè yí ọ̀kadà padà. Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ, kò wo àwọn tó mú un. Ilé wa ló ń wò.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kárí àdúgbò pé Bàbá fi ọmọ ọlọ́mọ gba ara rẹ̀ sílẹ̀. A ò jókòó síta mọ́. Bí ọ̀kadà bá rọra ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, mo ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń tẹ́tí bóyá yóò dúró. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí àwọn onífàyàwọ́ ń fojú ẹni tó bá tú àṣírí ọ̀nà oko rí níbí.

Ìyá ọmọ náà wá. Kò jà. Ó kí Bàbá, ó ní wọ́n sọ fún òun pé ẹyẹ ni, òun sì fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ọ. Mo gbé àga fún un síwájú àwọn ẹyẹ. Akọ ẹlẹ́sẹ̀ kan náà kò rí ìyá yìí rí; ó sé ẹnu, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó.

Korobá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá da omi, ẹyẹ á súfèé, ìyá náà á gbọ́, bóyá ọkàn rẹ̀ á sì rọ̀ sí wa. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣì ń lúgọ sínú igbó, mi ò sì mọ ọmọ ẹni tó wà lójú ọ̀nà oko lákòókò yẹn. Mi ò fọwọ́ kan omi.

Ó jókòó pẹ́. Nígbà tó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì wo Bàbá lójú.

“Ẹyẹ yín ò mọ súfèé, Bàbá.”