Ooru Ara Màmá Mẹ́sàn-án

Ogójì ọdún ni Folke Brännlund fi ń ṣírò ooru ilé ní Skellefteå, ìlú olótùútù kan ní Sweden. Kí wọ́n tó kọ́lé, òun ni yóò sọ iye ooru tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ yóò mú wá, àti èyí tí iná orí àjà yóò mú wá. Ohun tó bá kù, irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń ṣàn nínú rẹ̀ ni yóò pèsè rẹ̀. Nínú ìwé ìṣirò iṣẹ́ wọn, ooru ara ẹni kan tó jókòó jẹ́ ọgọ́rùn-ún wáàtì. Folke kì í bá ìwé jiyàn.

Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n fẹ́ tún yàrá ìjókòó ilé àwọn arúgbó ṣe. Sixten, ọ̀gá rẹ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, fẹ́ yọ irin méjì abẹ́ fèrèsé. Ó ní ooru ènìyàn mẹ́rìnlélógún àti ogún iná ti tó. Wọ́n ti pa irin náà láti ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń dán an wò. Ó ku kí Folke fọwọ́ sí i.

Aina, ìyàwó Folke, ń gbé nínú ilé yẹn látìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀. Abẹ́ fèrèsé náà gan-an ni àga rẹ̀ wà.

Folke lọ kí i. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù nini.

"O ò ní ìbọ̀wọ́ ni?"

"Ìbọ̀wọ́ nínú ilé? Ṣé mò ń lọ pẹja lórí yìnyín ni?"

Folke wo yàrá yíká. Ó pe Ebba, olùtọ́jú wọn.

"Àwọn mẹ́rìnlélógún náà dà?"

"Inú ìwé ni wọ́n wà, Bàbá. Àwọn mẹ́sàn-án yìí ló ń jáde wá mu kọfí. Àwọn yòókù ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Iná òkè ibí yìí ń gún àwọn màmá lójú, a kì í tàn án."

Màmá mẹ́sàn-án, gbogbo wọn tín-ín-rín. Nígbà tí Aina ṣì lágbára, bó bá sún mọ́ Folke lórí bẹ́ẹ̀dì, ńṣe ni Folke ń ti ìbora dànù. Folke mú bírò. Ó kọ ẹni mẹ́sàn-án, ọgọ́ta wáàtì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Sixten bínú. "Ìwé ní ọgọ́rùn-ún!"

"Ìwé ò mọ Aina."

"Ẹ̀hẹ́n! Nítorí ìyàwó yín ni."

"Nítorí rẹ̀ ni. Wá jókòó sórí àga rẹ̀, kí o mu kọfí."

Sixten wá lóòótọ́. Wọ́n gbé Aina sórí àga mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sixten bọ́ kóòtù, ó ní òtútù kankan ò mú òun. Nígbà tó mu ife kejì, ó ti wọ kóòtù padà. Nígbà tó mu ìkẹta, ó de bọ́tìnnì dé ọrùn.

Aina ń wò ó. "Folke, fún ọmọ yìí ní ìbora mi. Imú rẹ̀ ti ń domi."

Àwọn màmá rẹ́rìn-ín. Sixten náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, ẹ fi í sí ọgọ́ta." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí irin méjèèjì. Omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú wọn.

Àwọn màmá gbọ́ ọ. Wọ́n ń wọ́ àga wọn bọ̀ sí abẹ́ fèrèsé, lọ́kọ̀ọ̀kan.