Àmì Méjì Níwájú Orúkọ Kẹrin

Àdúgbò mẹ́rin ni wá: méjì ní Àgùdà, ọ̀kan ní Yábàá, ọ̀kan ní Muṣin. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, a máa ń bá ara wa díje ní gbogbo ọjọ́ Sátidé títí òjò àkọ́kọ́ á fi rọ̀. Lọ́sẹ̀ yìí bọ́ọ̀lù orí kọnkéré, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ dráàfù, lẹ́yìn náà lúdò, tẹ́nìsì orí tábìlì, eré sísá. Ẹni mẹ́rin ló ń ṣojú àdúgbò kan nínú gbogbo rẹ̀, a kì í sì í pààrọ̀ wọn títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí. Ipò kìíní ń gba pọ́íǹtì márùn-ún, ìkejì mẹ́ta, ìkẹta ọ̀kan. Àdúgbò tó bá pé mẹ́rin kí fèrè tó dún ń gba ọ̀kan sí i, bí wọ́n tilẹ̀ pàdánù. Nítorí àwọn tó máa ń pẹ́ la ṣe fi ìyẹn sí i.

Èmi ni mo ń kọ ìwé rẹ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ìyàwó mi ló lọ fi orúkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀.

Òun ni ẹni kẹrin àdúgbò wa. Lúdò ni tirẹ̀. Tí dáìsì kò bá ṣe bó ṣe fẹ́, á máa bú u bíi pé ó gbọ́ Yorùbá. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ó gba ipò kìíní nínú lúdò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó ṣàìsàn, kò pẹ́ tó fi kú. A fo Sátidé kan nítorí rẹ̀, eré sì ń bá a lọ. Ẹni mẹ́ta la fi parí rẹ̀.

Títí di ìgbà náà, ife ẹ̀yẹ ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ mi fún ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta. Àwọn ará Muṣin ló máa ń ṣe ìkejì. Olórí wọn, mẹkáníìkì kan tí mo fi ọdún díẹ̀ jù lọ, ti sọ pé tí àwọn bá tún pàdánù, àwọn ò ní wá mọ́. Ní Sátidé tó kẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn náà, mo kéde pé pọ́íǹtì kan la fi jù wọ́n lọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ilé ẹ̀kọ́ àgbà yẹn, ṣé torí kí ẹ lè máa yọ tiwa ni wọ́n ṣe kọ́ yín ní ìṣirò?"

Ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ wa kígbe pé, "Ẹ lọ tún ẹsẹ̀ yín ṣe, mẹkáníìkì! Ṣebí iṣẹ́ yín ni."

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè mo jókòó láti da ìwé náà kọ. Mo máa ń fi àmì síwájú orúkọ ẹni tó bá wá. Ní Sátidé méjì lẹ́yìn ìsìnkú, àmì wà níwájú orúkọ ìyàwó mi, mo sì ti fún wa ní pọ́íǹtì pé a pé. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mẹ́rin ló ti mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá yọ méjì kúrò, Muṣin ló jẹ.

Mo jẹun. Mo tún wò ó. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Muṣin.

Mẹkáníìkì náà jáde lábẹ́ ọkọ̀ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Kí ló bàjẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ jẹ," mo ní, mo sì ṣí ìwé náà fún un.

Ó nu ọwọ́ kó tó gbà á.

"Mo kà yín lọ́jọ́ méjèèjì. Mẹ́ta ni yín. Mo rí i tí ẹ fi àmì náà síbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?" Ó pa ìwé náà dé. "Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀."

"Rárá."

Mo fa ìlà sórí àmì méjèèjì níwájú rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan orúkọ náà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wá gbé ife wọn.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, mo ní kí mẹkáníìkì náà máa ka iye wa kí n tó kọ nǹkan kan. Ó máa ń kà á sókè, á sì dúró tì mí títí màá fi kọ ọ́ tán.