Ẹṣin Bàbá Mi Lórí Kọnkéré

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ló jí mi láàárọ̀ Sátidé kan nílé wa ní Mushin. Bàbá mi, oníṣòwò aṣọ, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń da kọnkéré sílẹ̀ ilé ẹṣin wọn tuntun, wọ́n sì ń mú un dán bíi ti pálọ̀. Wọ́n ní ẹṣin tí yóò gbé àwọn lọ síwájú ọba lẹ́yìn Iléyá kò gbọdọ̀ sùn lórí erùpẹ̀.

Ọdún yẹn ló kàn wọ́n láti gun ẹṣin lórúkọ ìdílé. Bí wọn kò bá gùn ún, Bọ̀dá Ṣàkírù, ọmọ àbúrò bàbá wọn, ni ipò náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́.

Màmá mi kò fẹ́ kọnkéré rárá. “Bàbá Mùní, ẹ da yanrìn sí i. Kẹ́ ẹ sì máa gùn ún ní pápá iléèwé.”

“Nínú koríko? Ta ni yóò gbọ́ wa níbẹ̀?”

Orí títì ọlọ́dà ni wọ́n wá ń gùn ún láràárọ̀. Pátákò á máa dún kò-kò-kò, àwọn aládùúgbò á yọjú lójú fèrèsé, Bàbá á na ọrùn. Màmá á rọra sọ nídìí abọ́ tí wọ́n ń fọ̀ pé, “Ẹni tó fi orí fọ́ àgbọn kò ní í jẹ níbẹ̀.”

Kò pẹ́ tí ẹṣin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Orúnkún rẹ̀ wú. Ṣé Bàbá wo ilẹ̀? Wọn ò wò ó. Wọ́n ní ojú ìlara Bọ̀dá Ṣàkírù ló wọ̀ ọ́, wọ́n sì so tírà mọ́ ọn lọ́rùn.

Dókítà ẹranko ló là á yé wọn. “Àlàájì, gbogbo ìgbà tó bá tẹ ilẹ̀ líle, oríkèé rẹ̀ ló ń jẹ ìyà ẹ̀. Ẹ wá ilẹ̀ tó rọ̀ fún un.”

Ó tán, Bàbá fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ sínú yanrìn jíjìn létí ọ̀sà ní Ìwáyà, wọ́n ń mú un sáré káàkiri níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rì. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ fà. Dókítà padà wá, ó di orí mú.

“Ilẹ̀ tó rọ̀ níwọ̀nba ni mo wí, Àlàájì. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ rì í mọ́lẹ̀.”

Bọ̀dá Ṣàkírù ló gun ẹṣin lọ́dún náà. Bàbá wà lẹ́bàá ọ̀nà láàárín èrò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bíi ti gbogbo ayé.

Nígbà náà, ipò wa tó bọ́ ló dùn mí. Mo sunkún títí a fi délé. Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí orúnkún tèmi náà ń ro mí, nǹkan mìíràn ló ń bí mi nínú. Bí mo bá kérora lórí àtẹ̀gùn, àwọn ọmọ mi á sáré gbé àga wá. Ẹsẹ̀ nìkan ni ẹṣin yẹn ní láti fi bá wa sọ̀rọ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń sọ ọ́.