Òróró Efinrin Tó Lẹ̀ Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni owú yìí bẹ̀rẹ̀. Mo mọ aago náà nítorí pé ara ògiri tó wà ni mo gbójú sá lọ, nígbà tí olùkọ́ wa gbé ìgò kékeré ọ̀rẹ́ mi sókè sí ojú fèrèsé, tó sì sọ pé, "Òróró nìyí."

Ìgò tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó léfòó lórí omi inú rẹ̀ kò ju ojú ẹja ṣáwá lọ.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi obìnrin yìí la jọ kàwé kẹ́mísírì jáde. Láti ìgbà tí a ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, ilé ni mo jókòó sí. Nígbà náà ni olùkọ́ wa ní Ayétòrò sọ pé òun ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bá òun ṣiṣẹ́ lórí òróró inú ewé igbó. Ó ní kí àwa méjèèjì lọ já efinrin, kí a sè é, kí ooru rẹ̀ gba inú páìpù tútù kọjá, kí a gbé òróró tó bá jáde wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló nìṣẹ́.

Èmi fúnra mi ni mo mú ọ̀rẹ́ mi lọ sí ẹ̀yìn oko ìyá bàbá mi ní Ìlobì. Màmá ní àṣà kan: bí èèyàn bá ti igbó dé, á ní kó na ọwọ́, á gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ bóyá ewé náà tó fi ṣe àgbo inú rírun. Ó gbóòórùn ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí mọ ewé já. Ìwọ ńkọ́, ọkọ mi?" Ó gbóòórùn tèmi. "Ìwọ já a bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Màmá tèmi ni, oko tèmi ni, àlejò ló sì ń gba oríyìn.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó tì í, ó ń bi í léèrè oríṣiríṣi. Èmi kò bèèrè nǹkan kan. Ṣebí mo ti kàwé. Mo kó ewé tèmi lọ sórí sìmẹ́ńtì tí a máa ń sá láfún sí, mo tẹ́ ẹ sínú oòrùn ọjọ́ mẹ́ta. Nílé wa, ohun tó bá máa gbẹ, oòrùn ni.

Ọ̀rẹ́ mi ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Màmá ní kí òun tẹ́ tòun sínú yàrá, pé oòrùn a máa jí òórùn efinrin kó. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ ọ́n. Táímọ́ọ̀lù, èròjà inú efinrin tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, náà ló ń ta sánsán, ohun tó bá sì ń ta sánsán ń fò lọ ni. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò rí.

Olùkọ́ ní ọjọ́ Ẹtì lòun máa wọn òróró náà. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá ìwádìí. Mo ṣí ìgò ọ̀rẹ́ mi, mo gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti mú. Mo jáde, mo rìn yí ọgbà ká. Nígbà tí mo padà wá dé e, ó ti dín kù, díẹ̀ sì ti dà sí mi lọ́wọ́.

Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó lọ sí Ìlobì lálẹ́ ọjọ́ náà. Màmá ní kí n na ọwọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe ewé orí sìmẹ́ńtì. Ewé inú yàrá nìyí. Kí ló gbé e dé ọwọ́ ẹ?"

"Mo bá a tún ìgò rẹ̀ ṣe ni, Màmá."

"Ṣé òun náà mọ̀ pé o bá òun tún un ṣe?"

Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó bu ọbẹ̀ fún mi, kò sì pè mí ní ọkọ mi títí mo fi jẹun tán.

Lọ́jọ́ Ẹtì, olùkọ́ wọn ìgò méjèèjì. Ti ọ̀rẹ́ mi ṣì ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ ní àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn mọ́, pé òun á ronú, òun á sì mú ẹnì kan lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Mi ò dé e dáadáa ni. Ẹ̀bi mi ni." Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mò ń jowú rẹ̀ síbẹ̀, n kò ní purọ́. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà débi pé mo ń lá a lálàá. Ojú sì ń tì mí pé mo fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Àìkú la wà yìí, ọ̀la ni olùkọ́ máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ mi ni, àbí olùkọ́? Tàbí kí n kàn sọ pé n kò ṣe mọ́, kí iṣẹ́ di tirẹ̀, láìsọ ìdí? Èwo nínú rẹ̀ ni mo lè ṣe, tí n óò tún lè na ọwọ́ sí Màmá?